Ìtọ́sọ́nà fún Ọ̀dọ́ Olóye ní Yunifásítì

Ọmọ ọdún 16 ni àjọ JAMB fi ṣe òdiwọ̀n ìwọlé sí yunifásítì. Ní ọdún 2025, ẹni tí kò tíì pé bẹ́ẹ̀ ní láti gba máàkì 320 nínú 400, ó kéré tán, kí a tó gbé ọ̀ràn rẹ̀ yẹ̀ wò. Ọmọ Etioro-Àkókó tí ó bá rí àyè ní Yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin, Àkùngbá, kò jìnnà sílé. Síbẹ̀ ó lè nìkan jìyà láàárín àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀kọ́ ti rọrùn fún un tẹ́lẹ̀, kò sì mọ bí a ṣe ń béèrè ìrànlọ́wọ́. A rọ ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ó lọ rí olùdámọ̀ràn ẹ̀ka rẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣáájú ìforúkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì, kì í ṣe lẹ́yìn tí èsì ìdánwò bá ti jáde.