ÀWỌN ÀLÀPÀ ILÉ ỌLỌ́RUN NÍ ILẸ̀ PUEBLO

Ní ìhà gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ tí a ń pè ní New Mexico, àwọn ènìyàn kan wà tí àwọn ará Spéìn sọ ní Pueblo. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ní èdè wọn ni ìlú, nítorí pé inú ilé òkúta àti amọ̀ tí a kọ́ lé orí ara wọn ni wọ́n ti bá wọn, kì í ṣe nínú àgọ́. Àwọn baba ńlá àwọn ènìyàn yìí ni ó kọ́ Pueblo Bonito ní àfonífojì Chaco, láàárín bí ọdún 850 sí 1150, ilé kan ṣoṣo tí yàrá rẹ̀ ju 600 lọ. Àwọn òǹkọ̀wé kan a máa sọ pé àwọn tí ó kọ́ ọ ti pòórá kúrò láyé. Bẹ́ẹ̀ kọ́ rárá. Ṣíṣí ni wọ́n ṣí lọ sí ibòmíràn, àwọn ọmọ wọn sì ń bẹ láàyè títí di òní ní Acoma, ní Zuni, ní Taos, ní Jemez, àti ní ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn.

Àwa fi mọ́tò rin ilẹ̀ náà láti àlàpà dé àlàpà, ohun kan sì hàn sí wa gbangba tí a fẹ́ fi yé ẹ̀yin olùkà wa. A máa ń sọ fún àlejò pé àlùfáà báyìí ni ó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì báyìí. Ṣùgbọ́n bí a bá ń wá ẹni tí ó kọ́ ọ ní tòótọ́, àwọn Pueblo ni a ó bá nídìí iṣẹ́ náà, ìtàn àwọn ilé wọ̀nyí sì jẹ́ tiwọn kí ó tó jẹ́ ti ẹlòmíràn.

Ẹ wo Acoma, ìlú tí ó wà lórí àpáta tí gíga rẹ̀ ju 350 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 1599, àwọn ọmọ ogun Spéìn kọlù ú, wọ́n sì pa ènìyàn lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dájọ́ pé kí a gé ẹsẹ̀ kan lára ọkùnrin gbogbo tí ó ju ọmọ ọdún 25 lọ. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn èyí, ní 1629, ni àlùfáà Juan Ramírez dé, a sì bẹ̀rẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì San Esteban, tí ó dúró títí di ìsinsìnyí. Kò sí erùpẹ̀ lórí àpáta náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí igi ìkọ́lé. Erùpẹ̀ ògiri, àti èyí tí a fi ṣe ilẹ̀ ìsìnkú níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, láti ìsàlẹ̀ ni a ti rù ú gòkè; ìtì igi òrùlé sì ti òkè Taylor wá, ọ̀nà tí ó tó 30 máìlì. Àlùfáà Benavides, nínú ìwé rẹ̀ ti 1630, sọ pé iṣẹ́ obìnrin ni ògiri mímọ láàárín àwọn Pueblo, àti pé bí a bá fi ipá mú ọkùnrin ṣe é, ojú a tì í, àwọn obìnrin a sì máa fi í rẹ́rìn-ín. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń yin ògiri Acoma, àwọn ìyá àti àwọn ọmọbìnrin àwọn tí a dá irú ẹjọ́ nì fún ni ó ń yìn.

Ní Abó àti Quarai, àlàpà òkúta pupa nìkan ni ó kù. Ọ̀dá, ìyàn, ìkọlù àwọn Apache, àti ìsákọ́lẹ̀ àgbàdo àti aṣọ tí àwọn ará Spéìn ń gbà, ni ó tú wọn ká kí ó tó di 1680. Ní Las Humanas, tí kò jìnnà sí wọn, ìyàn pa ju 450 ènìyàn lọ ní 1668.

Pecos ni ó mú wa dúró pẹ́ jù lọ. Ó wà ní bí 25 máìlì sí ìlú Santa Fe, ènìyàn bí 2,000 sì ti gbé ibẹ̀ rí. Benavides yin ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀ gidigidi, ṣùgbọ́n àlàpà tí ó wà lókè ilẹ̀ kéré, nítorí náà àwọn ẹni ìkẹyìn rò pé ó ń fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀ ni. Ní 1967 ni Jean Pinkley hú ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́, ti 1625, jáde lábẹ́ ti kejì. Títóbi rẹ̀ sì dá Benavides láre.

Kí ni ó wó o? Àwọn àlùfáà kò fẹ́ rí ìsìn àtijọ́ sójú. Ní 1661 wọ́n kó bí 1,600 ìbòjú ijó ìsìn, wọ́n sì bà wọ́n jẹ́. Ní 1675, gómìnà Treviño mú àwọn olórí ìsìn 47, ó so àwọn kan rọ̀, ó sì na àwọn ìyókù lẹ́gba. Po'pay, ará Ohkay Owingeh, wà nínú àwọn tí a nà. Ní 1680 ó fi okùn oní-kókó ránṣẹ́ sí ìlú gbogbo, bí àwọn baba tiwa ti ń pa àrokò, kókó kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó kù. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ni ọ̀tẹ̀ bẹ́. Àlùfáà 21 àti bí 400 ará Spéìn kú. Àwọn ìyókù sì sá lọ, wọn kò padà títí di 1692. Àwọn àgbà Pecos kan ti kìlọ̀ fún gómìnà tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀ a dáná sun ṣọ́ọ̀ṣì Pecos.

Nínú àgbàlá ilé àlùfáà gan-an ni a sì rí kiva kan, èyí ni yàrá ìsìn róbótó tí a gbẹ́ sínú ilẹ̀, tí a ń fi àkàbà sọ̀ kalẹ̀ sí láti òrùlé. Ọ̀pọ̀ amòye sọ pé lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ ni a ṣe é, pẹ̀lú bíríkì ṣọ́ọ̀ṣì tí ó wó. Kiva wà nínú ilé àlùfáà Abó àti Quarai pẹ̀lú, ṣùgbọ́n àwọn ìwọ̀nyí ti wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn àlùfáà ṣì ń gbé ibẹ̀, èyí tí ó fi hàn pé kì í ṣe gbogbo wọn ni ọkàn wọn le. Ẹ̀rù kò bà wá láti wí èyí nínú ìwé ìjọ: ẹ̀sìn tí a fi ẹgba kọ́ni kì í ṣe ti Olúwa wa, ẹni tí a nà lẹ́gba kì í ṣe ẹni tí ń nà.

Síbẹ̀ àwọn ará Pecos tún kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kejì, ó parí ní 1717. Àrùn àti ogun dín wọn kù, títí ó fi di 1838, nígbà tí bí 20 tí ó ṣẹ́kù fi ẹsẹ̀ rìn lọ bá àwọn ará Jemez, ní bí 80 máìlì, nítorí pé èdè wọn jọ ara wọn. Wọ́n gbé àjọ̀dún ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ́wọ́ lọ. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ni a ń ṣe é ní Jemez lọ́dọọdún. Láàárín 1915 sí 1929, Alfred Kidder hú òkú àwọn baba wọn ní Pecos, a sì kó egungun wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní ìhà ìlà oòrùn Amẹ́ríkà. Ní 1999 a dá egungun bí 2,000 ènìyàn padà, àwọn ará Jemez sì fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà ti 1838 padà sí Pecos láti sin wọ́n.