Ìbẹ̀rù Wáyà Iná Ńlá: Láti Denver dé Sakété

Ọdún 2007 ni iná bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú wáyà 330,000 fóltì wá láti Ìkẹjà sí Sakété, sọ́dọ̀ Communauté Électrique du Bénin tí Tógò àti Dàhómì jọ dá sílẹ̀ ní 1968. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa bi wá pé: ṣé ọmọ tí ń gbé nítòsí irú wáyà bẹ́ẹ̀ kò ní í kó àrùn jẹjẹrẹ?

Ìbéèrè yìí ní ìtàn, kò sì bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ òpó gíga. Ní Denver, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni obìnrin olùṣèwádìí kan, Nancy Wertheimer, ti ń lọ wo ilé àwọn ọmọdé tí jẹjẹrẹ pa, láti mọ ohun tí àwọn ilé náà fi jọra. Ohun tí ó rí ni pé wáyà àdúgbò àti tiransifọ́mà sún mọ́ ilé wọn ju ti àwọn ọmọ mìíràn lọ. Òun àti Ed Leeper, onímọ̀ físíìsì, tẹ ìwádìí náà jáde ní 1979. Kì í ṣe ẹ̀rọ ìwọ̀n ni wọ́n gbé wọ ilé kọ̀ọ̀kan. Bí wáyà ti nípọn tó àti bí ó ti jìnnà tó ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n. Síbẹ̀, iṣẹ́ wọn kì í ṣe yẹpẹrẹ. Agbára òòfà ń tẹ̀lé ìwọ̀n iná tí ń ṣàn nínú wáyà, kì í ṣe gíga òpó. Ògiri kò lè dí i, ṣùgbọ́n kíákíá ni ó ń dínkù bí a bá ti ń jìnnà sí i.

Ní 1992, Maria Feychting àti Anders Ahlbom gbé ìwádìí jáde ní Súwídìn lórí àwọn tí ó gbé láàárín 300 mítà sí wáyà ńlá, láti 1960 dé 1985. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i lára àwọn ọmọ tí agbára òòfà ilé wọn ga. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ náà ṣe kò ju 39 lọ, irú iye bẹ́ẹ̀ a sì máa mì bí igbá orí omi. Ní 2002, àjọ ìwádìí jẹjẹrẹ tí ó wà ní Lyon fi agbára òòfà yìí sí ìsọ̀rí ohun tí ó lè jẹ́ pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Kọfí pàápàá wà ní ìsọ̀rí yẹn nígbà náà!

Èyí tí ó wúwo jù lójú tiwa ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2005, Gerald Draper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ pọ̀ díẹ̀ sí i lára àwọn ọmọ tí a bí nítòsí wáyà ńlá, títí dé 600 mítà. Ẹ rò ó wò: níbi tí ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀, agbára òòfà wáyà kò tó nǹkan mọ́. Nígbà tí àwọn olùṣèwádìí tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò ní 2014, àpọ̀jù náà hàn ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, ṣùgbọ́n láti àwọn ọdún 1980 a kò rí i mọ́. Iná kò dẹ́kun àtimáa ṣàn nínú wáyà. Bí ó bá jẹ́ òun ni ó ń fa àrùn náà, èéṣe tí àpọ̀jù yẹn fi pòórá?

Ní ọdún 2007 kan náà tí iná Ìkẹjà dé Sakété, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ẹ̀rí tí ó wà kò lágbára tó láti dá wáyà lẹ́bi, kò sì ṣeé gbé jù sẹ́yìn. Kí a máa ṣọ́ra níbi tí ìṣọ́ra kò bá ti gba owó púpọ̀, pàápàá nígbà tí a bá ń yan ọ̀nà fún wáyà tuntun.

Ewu kan wà tí kò ní iyèméjì, òun ni a sì fi ń dá ilẹ̀ abẹ́ wáyà sí láìkọ́lé. Ẹni tí ó bá na ọ̀pá irin gígùn sókè lábẹ́ wáyà 330,000 fóltì kò nílò kí ọ̀pá náà kàn án kí iná tó gbé e.