Bí wọ́n ṣe ń dúnàádúrà owó oṣù àti wákàtí iṣẹ́ ní Yúróòpù

Bí ẹ bá gbọ́ ọ nínú ìròyìn pé àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ọkọ̀ ní Jámánì gùnlé ìyanṣẹ́lódì, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ wa ni pé ìjọba ni wọ́n ń bá fà á. Ohun tí ojú wa ń rí nílé ló jẹ́ bẹ́ẹ̀. Níbí, bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC bá ti ní àwọn fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù tó kéré jù, Abuja ni gbogbo ojú ń wò. Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ìjọba kì í sí nídìí tábìlì náà rárá. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ á jókòó sí apá kan, ẹgbẹ́ àwọn agbanisíṣẹ́ á jókòó sí apá kejì, wọn á máa ná ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń ná ọjà, títí wọn á fi bọwọ́ lùwé. Ìwé yẹn ló máa sọ iye tí òṣìṣẹ́ yóò gbà, wákàtí tí yóò fi ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, ọjọ́ ìsinmi tó ní lọ́dún, àti iye tí wọn yóò san fún iṣẹ́ òru.

Ẹ jẹ́ ká fi Jámánì ṣe àpẹẹrẹ, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere jù.

Jámánì: láti wákàtí 40 sí 35, látibẹ̀ sí 28

Láti 1949 ni òfin tó ń darí irú àdéhùn yìí ti wà ní Jámánì. Tarifvertrag ni wọ́n ń pè é lédè wọn. Kì í ṣe iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sábà máa ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀ka iṣẹ́ kan lódindi ni. IG Metall, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ irin àti ẹ̀rọ, ló tóbi jù nínú àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 2. Wọ́n á mú agbègbè kan, lọ́pọ̀ ìgbà Baden-Württemberg tí Mercedes àti Bosch fi ṣe ibùjókòó, wọn á parí ọ̀rọ̀ níbẹ̀, àwọn agbègbè yòókù á wá tẹ̀ lé e.

Ní 1984, IG Metall ní kí wọ́n dín wákàtí iṣẹ́ kù láti 40 sí 35 lọ́sẹ̀, láìdín owó oṣù kù. Àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ti pọ̀ gan-an nígbà náà, ẹgbẹ́ náà sì ní bí ẹni tó níṣẹ́ bá ṣe díẹ̀, ẹlòmíì á rí díẹ̀ ṣe. Àwọn agbanisíṣẹ́ kò gbà. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méje ni wọ́n fi wọ̀yá ìjà. Georg Leber, tó ti fìgbà kan rí jẹ́ mínísítà, ni wọ́n fi ṣe onílàjà, wákàtí 38.5 ni wọ́n sì fẹnu kò sí. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gé e lẹ́yìn ìyẹn, ó di oṣù Kẹwàá 1995 kí 35 tó pé ní ìwọ̀-oòrùn Jámánì. Ọdún 11 gbáko!

Ní ìlà-oòrùn Jámánì, wọ́n gbìyànjú tiwọn ní 2003, ọwọ́ wọn ò tẹ̀ ẹ́. Ìyanṣẹ́lódì náà forí ṣánpọ́n, ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ló sì kéde bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ń bá wákàtí 38 lọ, àfi lẹ́yìn 2021 tí àdéhùn tuntun ṣínà fún iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan láti máa sọ̀ kalẹ̀ sí 35 bí òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá gbọ́ra wọn yé.

Ẹ fiyè sí i o: òfin Jámánì fúnra rẹ̀ gbà kí èèyàn ṣiṣẹ́ dé wákàtí 48 lọ́sẹ̀. Wákàtí 35 tí à ń sọ yìí kò sí nínú òfin kankan, inú àdéhùn ló wà. Ẹni tí iléeṣẹ́ rẹ̀ kò bá sí lábẹ́ àdéhùn náà ò lè gbé e lọ sílé ẹjọ́ pé 35 lòun fẹ́.

Ní oṣù Kejì 2018 ni èyí tí gbogbo Yúróòpù yà lẹ́nu sí wáyé ní Stuttgart. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ti àwọn iléeṣẹ́ kan pa fún wákàtí 24, wọ́n bọwọ́ lùwé pé owó oṣù yóò gòkè ní ìdá 4.3 nínú 100, àti pé òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ lè dín iṣẹ́ rẹ̀ kù sí wákàtí 28 lọ́sẹ̀, fún oṣù 6 ó kéré tán, kò gbọdọ̀ ju oṣù 24 lọ. Bí àsìkò náà bá pé, iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ dá a padà sí iṣẹ́ rẹ̀ ní kíkún. Owó ọ̀sẹ̀ oníwákàtí 28 náà á dín kù pẹ̀lú o, kò sẹ́ni tó fún wọn ní wákàtí 35 lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀tọ́ láti padà yẹn ni nǹkan tuntun ibẹ̀. Ìyá tó bá dín iṣẹ́ kù nítorí ọmọ kì í sábà rí i gbà padà mọ́ tẹ́lẹ̀.

Apá kan tún wà nínú àdéhùn náà tí àwọn ìròyìn kò fi bẹ́ẹ̀ sọ, èmi sì rò pé òun lọ́gbọ́n jù. Lọ́dọọdún láti 2019, òṣìṣẹ́ máa ń gba owó àfikún kan tó jẹ́ ìdá 27.5 nínú 100 owó oṣù kan. Ẹni tó ní ọmọ kékeré, ẹni tó ń tọ́jú òbí tó ń ṣàìsàn, àti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru lè sọ pé òun ò fẹ́ owó, ọjọ́ ìsinmi lòun fẹ́. Bí ẹ bá ṣírò owó yẹn, iṣẹ́ ọjọ́ 6 ni. Ọjọ́ 8 ni wọ́n máa ń fún un. Ọjọ́ 2 tó lé yẹn, ọrùn agbanisíṣẹ́ ló wà. Àwọn agbanisíṣẹ́ náà ò lọ lọ́wọ́ òfo: wọ́n gba àyè láti ní òṣìṣẹ́ púpọ̀ sí i tí yóò máa ṣe wákàtí 40.

Nígbà tí ọ̀wọ́ngógó ọjà dé lẹ́yìn ogun Ukraine, owó ló gba iwájú padà. Ní oṣù Kọkànlá 2022 wọ́n gba àfikún ìdá 8.5 nínú 100 lápapọ̀, tí wọ́n pín sí ìgbà méjì, pẹ̀lú 3,000 Yúrò tí ìjọba kò ní gba owó orí lé lórí. Ní 2024 ó wálẹ̀ sí ìdá 5.1, nínú àdéhùn tí yóò parí ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá 2026. Ọjọ́ ìparí yìí ṣe pàtàkì, nítorí níwọ̀n ìgbà tí àdéhùn bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ò gbọdọ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ lórí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní ẹ̀ka irin, wọ́n tún gbọ́dọ̀ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn tó bá parí. Ìdí nìyẹn tí ìyanṣẹ́lódì wọn fi máa ń lásìkò bí òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn.

Ta ni àdéhùn náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?

Nǹkan bí ìdajì òṣìṣẹ́ Jámánì ni àdéhùn ń dáàbò bò lónìí, ó sì ti ń dín kù fún ọ̀pọ̀ ọdún, torí agbanisíṣẹ́ lè kọ̀ láti wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń bọwọ́ lùwé. Ní Ọ́sítríà, kò rọrùn láti sá. Òfin fi dandan lé e kí gbogbo oníṣòwò wà nínú àjọ wọn, àjọ yẹn ló sì ń bọwọ́ lùwé, nítorí náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí òṣìṣẹ́ tó bọ́ síta. Faransé tún yàtọ̀. Òṣìṣẹ́ tó wà nínú ẹgbẹ́ níbẹ̀ kò ju bí ẹnì kan nínú mẹ́wàá lọ, síbẹ̀ àdéhùn dé ọ̀dọ̀ ohun tó lé ní ìdá 90 nínú 100 wọn, nítorí mínísítà ètò iṣẹ́ lè pàṣẹ pé kí ohun tí àwọn kan bọwọ́ lù mú gbogbo ẹ̀ka iṣẹ́ náà. Wákàtí 35 ti Faransé, òfin ni tiwọn, ìjọba ló ṣe é ní 1998 àti 2000.

Swídìn àti Dẹ́ńmáàkì kò tilẹ̀ ní òfin owó oṣù tó kéré jù. Wọn ò fẹ́ ẹ. Wọ́n ní bí ìjọba bá ti fọwọ́ kan owó oṣù, agbára ẹgbẹ́ ti lọ nìyẹn. Nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, EU, ṣe ìlànà kan ní 2022 lórí owó oṣù tó kéré jù, tó sì ní kí orílẹ̀-èdè tí àdéhùn kò bá tíì dé ọ̀dọ̀ ìdá 80 nínú 100 òṣìṣẹ́ rẹ̀ wá nǹkan ṣe sí i, Dẹ́ńmáàkì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, Swídìn sì tì í lẹ́yìn. Ní oṣù Kọkànlá 2025, ilé ẹjọ́ EU fagi lé apá díẹ̀, ó fi èyí tó pọ̀ sílẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín Tesla àti àwọn mẹkáníìkì rẹ̀ ní Swídìn fi hàn bí àwọn èèyàn yìí ṣe di àdéhùn mú tó. Láti ọjọ́ 27, oṣù Kẹwàá 2023 ni ẹgbẹ́ IF Metall ti daṣẹ́ sílẹ̀ torí pé iléeṣẹ́ náà kọ̀ láti bọwọ́ lùwé. Òfin ibẹ̀ gbà kí ẹgbẹ́ míì bá wọn dá sí i: àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ò já ọkọ̀ Tesla sílẹ̀, àwọn oníná mànàmáná ò tún ti wọn ṣe, àwọn òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ò bá wọn gbé nọ́ńbà ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti lé ní ọdún méjì.

Àwọn èèyàn wa ní UK

UK ló kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì àti olùtọ́jú arúgbó tó ti ilẹ̀ Yorùbá lọ. Òfin 1992 níbẹ̀ gbà pé irú àdéhùn yìí kì í ṣe ohun tí ẹgbẹ́ àti agbanisíṣẹ́ lè gbé ara wọn lọ sílé ẹjọ́ lé lórí, àfi bí wọ́n bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó bá wọnú ìwé iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ló tó lágbára.

Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù ìjọba, NHS, wà lábẹ́ àdéhùn kan tí wọ́n ń pè ní Agenda for Change láti 2004. Ó sọ ipele owó oṣù, ó sì sọ wákàtí 37.5 lọ́sẹ̀. Ní ti àfikún owó, ìjọba ló ń pinnu lẹ́yìn ìmọ̀ràn ìgbìmọ̀ kan, èyí ló fà á tí ẹgbẹ́ nọ́ọ̀sì RCN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1916, fi daṣẹ́ sílẹ̀ ní England fún ìgbà àkọ́kọ́ ní oṣù Kejìlá 2022. Ní Scotland, ìdúnàádúrà sọ wákàtí náà di 37 ní oṣù Kẹrin 2024, owó oṣù ò sì dín kù.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe 'care', iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, abẹ́ iléeṣẹ́ aládàáni ni wọ́n wà, àdéhùn ẹ̀ka iṣẹ́ ò sì sí fún wọn ní England. Owó tó kéré jù lábẹ́ òfin, tó jẹ́ £12.21 fún wákàtí kan ní oṣù Kẹrin 2025, lohun tí ọ̀pọ̀ wọn gbára lé. Òfin yẹn ka àkókò ìrìnnà láti ilé aláìsàn kan sí ilé èkejì mọ́ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí agbanisíṣẹ́ rẹ̀ ló di físà rẹ̀ mú kì í fẹ́ bèèrè. Òfin Employment Rights Act tí wọ́n ṣe ní oṣù Kejìlá 2025 ló fún ìjọba lágbára láti dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ níbi tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti àwọn agbanisíṣẹ́ yóò ti máa dúnàádúrà fún iṣẹ́ yìí ní England. Jámánì ti gba ọ̀nà míì láti oṣù Kẹsàn-án 2022: ilé ìtọ́jú arúgbó tí kò bá san owó tó bá ti àdéhùn mu, kò ní rí owó gbà lọ́wọ́ àjọ adójútòfò ìtọ́jú.

Nítorí náà, bí ọmọ tàbí àbúrò yín bá gba ìwé iṣẹ́ láti Yúróòpù, kó wo orúkọ àdéhùn tó wà nínú rẹ̀ kó tó wo iye owó. Ní NHS, á rí Agenda for Change àti nọ́ńbà Band. Ní ọsibítù ìjọba ìbílẹ̀ ní Jámánì, á rí TVöD. Bí kò bá sí orúkọ kankan, kó bèèrè wákàtí mélòó ló dájú lọ́sẹ̀, àti bóyá wọ́n ń san owó ìrìnnà. Ẹni tó wà lórí físà iṣẹ́ ní UK ní ẹ̀tọ́ láti wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bíi UNISON, kò nílò ìyọ̀ǹda agbanisíṣẹ́ rẹ̀.