Ìdámẹ́rin Kọ́bọ̀ fún Orúkọ Rere: Ẹjọ́ Cadbury lórí Kòkó São Tomé

Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Tọmọdé tàgbà ni í sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a kì í sábà bèèrè ni iye tí orúkọ náà yóò tà bí ọjọ́ ìdánwò bá dé. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá, ọdún 1909, àwọn júrì kan ní ìlú Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi owó díwọ̀n orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó lókìkí jù lọ ní ìgbà náà. Ìdámẹ́rin kọ́bọ̀ kan ni wọ́n kà sílẹ̀ fún un. Ilé-iṣẹ́ náà ni Cadbury. Ohun ọ̀gbìn tí ó dá ẹjọ́ náà sílẹ̀ ni kòkó, èyí tí ó wá di orísun ọrọ̀ ilẹ̀ Yorùbá lẹ́yìn náà. Ìtàn ẹjọ́ yìí yẹ ní mímọ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ mọ bí ilé-iṣẹ́ ńlá ti í ṣọ́ orúkọ rẹ̀ nígbà ìṣòro, àti bí orúkọ náà ti í bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ó tilẹ̀ ń ṣọ́ ọ.

Ìdílé Cadbury àti iyì rẹ̀

Ní ọdún 1824 ni John Cadbury ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òpópónà Bull Street ní Birmingham, níbi tí ó ti ń ta tíì, kọfí àti kòkó mímu. Ní ọdún 1861, àwọn ọmọ rẹ̀ méjì, Richard àti George, gba iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1879 wọ́n kó o kúrò láàárín ìlú lọ sí ibi tí wọ́n sọ ní Bournville, níbi tí a ti wá kọ́ ilé tí ó ní ọgbà. Ọmọ ìjọ Quaker ni wọ́n. Àwọn ọmọ ìjọ yìí sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbógun ti òwò ẹrú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, kì í ṣe kòkó nìkan ni àwọn ènìyàn ń rà lọ́wọ́ Cadbury; wọ́n gbà pé ọwọ́ tí ó mọ́ ni ó ṣe é.

Ní ọdún 1901, George Cadbury ra ìwé ìròyìn *Daily News*. Ìwé ìròyìn yìí kò fi ẹnu mọ sí ibì kan nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ará Ṣáínà lọ ṣiṣẹ́ nínú ibi ìwakùsà wúrà ní Transvaal ní ọdún 1904. Ó pe iṣẹ́ náà ní oko ẹrú, ó sì fi í gbógun ti ẹgbẹ́ òṣèlú Conservative títí di ìdìbò ọdún 1906. Ẹni tí ó bá ń tọ́ka sí àbàwọ́n lára aṣọ ẹlòmíràn gbọdọ̀ mọ̀ pé a ó yẹ tirẹ̀ wò pẹ̀lú.

Ohun tí ó wà nídìí kòkó São Tomé

Erékùṣù São Tomé àti Príncipe wà nínú òkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, abẹ́ ìjọba Pọ́túgà ni wọ́n sì wà nígbà náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, kòkó ibẹ̀ gbajúmọ̀ púpọ̀ ní Yúróòpù; nǹkan bí ìdajì èyí tí Cadbury ń lò ni ó ń ti ibẹ̀ wá. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ oko náà kì í ṣe ọmọ erékùṣù. Àǹgólà ni a ti ń kó wọn wá. Òfin Pọ́túgà ti fòpin sí oko ẹrú ṣáájú ìgbà yìí, nítorí náà a kò pè wọ́n ní ẹrú mọ́. *Serviçais* ni a ń pè wọ́n, èyí ni pé ìránṣẹ́ ni wọ́n. A máa ń mú wọn wá síwájú òṣìṣẹ́ ìjọba láti tọwọ́ bọ̀wé iṣẹ́ ọdún márùn-ún. Ọdún márùn-ún náà a pé, a ó tún un ṣe, a ó sì tún tún un ṣe, títí ikú yóò fi dé. Ẹni tí ó padà sí Àǹgólà ṣọ̀wọ́n.

Ní ọdún 1901, William Cadbury, ọmọ Richard, kọ́kọ́ gbọ́ àhesọ ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí ó wà ní Trinidad. Kò pẹ́ rárá tí ìwé kan fi tẹ ilé-iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Oko kan ni a fẹ́ tà ní São Tomé, a sì ka gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú iye owó rẹ̀. Nínú àwọn ohun náà ni a ti rí igba òṣìṣẹ́ adúláwọ̀, tí a díye lé ní £3,555. Ìránṣẹ́ tí a gbà síṣẹ́ kì í ní iye tí a ó tà á mọ́ oko. Láti ọjọ́ náà ni ilé-iṣẹ́ Cadbury ti ní ìdí láti mọ irú ohun tí ó ń rà.

Ọdún mẹ́jọ

Kì í ṣe pé wọ́n ká ọwọ́ gbera. Ní ọdún 1903, William Cadbury lọ sí Lisbon láti bá àwọn aláṣẹ àti àwọn olóko sọ̀rọ̀. Wọ́n fi yé e pé òfin tuntun ti jáde, àti pé gbogbo nǹkan yóò tún ṣe. Wọ́n tún sọ fún un pé bí kò bá gbà wọ́n gbọ́, kí ó rán ẹni tí yóò lọ fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó gbà bẹ́ẹ̀. Cadbury àti àwọn ilé-iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yan Joseph Burtt, ẹni tí ó kọ́kọ́ lọ kọ́ èdè àwọn Potogí kí ó tó lọ. Ní ọdún 1905 ni ó dé São Tomé. Ó lọ sí Àǹgólà, ó dé Mozambique àti Transvaal, kò sì padà sílé títí di ọdún 1907. Ohun tí ó kọ sílẹ̀ kò yàtọ̀ sí ohun tí ìwé títa oko nì ti fi hàn ní ọdún mẹ́fà ṣáájú.

Ìdí mẹ́ta ni ilé-iṣẹ́ náà fi pa ẹnu mọ́ ní gbangba ní gbogbo àkókò yìí. Èkíní, wọ́n ní bí àwọn bá ṣíwọ́ rírà, àwọn oníbàárà mìíràn yóò gbà á, ẹnu àwọn kò sì ní í tólẹ̀ mọ́ níwájú àwọn Potogí. Èkejì, wọn kò fẹ́ sọ ohun tí wọn kò ní ẹ̀rí tí ó dájú fún. Ẹ̀kẹta, ilé-iṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ń rí sí ọ̀rọ̀ òkèèrè rọ̀ wọ́n kí wọ́n ṣe sùúrù, nítorí pé ìjọba náà ń wá òṣìṣẹ́ láti Mozambique, ilẹ̀ Pọ́túgà mìíràn, fún ìwakùsà Transvaal, kò sì fẹ́ ohun tí yóò bí àwọn Potogí nínú. Kò sí èyí tí ó jẹ́ òmùgọ̀ nínú ìdí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn àgbà pàápàá sọ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀sọ̀ yìí kò dá kòkó dúró. Ọdọọdún ni ọkọ̀ ojú omi ń kó o dé, ọdọọdún ni Cadbury sì ń san owó rẹ̀.

Nígbà tí Burtt ṣì ń kọ́ èdè, ẹlòmíràn ti rin ọ̀nà náà. Henry Nevinson, akọ̀ròyìn, dé Àǹgólà àti São Tomé ní ọdún 1904 àti 1905. Ó rí ẹ̀wọ̀n igi tí a fi ń de àwọn ènìyàn, tí a jù sí ẹ̀bá ọ̀nà tí wọ́n gbà wá sí etí òkun. Ó kọ ọ́ sínú ìwé àtìgbàdégbà kan ní Amẹ́ríkà, ó sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní ọdún 1906. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó kọ́kọ́ ròyìn fún aráyé ohun tí Cadbury ti mọ̀ tipẹ́.

Ọfà tí Standard ta

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1908, ìwé ìròyìn *Standard*, tí í ṣe ti àwọn Conservative, gbé ọ̀rọ̀ olóòtú kan jáde. William Cadbury ń múra láti lọ fi ojú ara rẹ̀ rí São Tomé ní àkókò náà. Ìwé ìròyìn náà fi í ṣẹ̀sín pé ó ti pẹ́ jù kí ó tó gbéra. Ó ní àwọn tí ń sunkún nítorí àwọn ará Ṣáínà ní Transvaal kò bìkítà fún àwọn adúláwọ̀ tí ń ṣe kòkó fún wọn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ̀sùn náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, oró rẹ̀ sì wọ ara.

Ilé-iṣẹ́ Cadbury pe ìwé ìròyìn náà lẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́. William kò jókòó sílé de ẹjọ́. Ó bá ìrìn-àjò rẹ̀ lọ, Burtt sì bá a lọ. Nígbà tí ó padà dé ní oṣù Kẹta ọdún 1909, Cadbury, Fry àti Rowntree kéde pé àwọn kò ní í ra kòkó São Tomé mọ́. Ó di ọdún kẹjọ tí ìwé igba òṣìṣẹ́ nì ti tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́.

Nínú ilé-ẹjọ́

Ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 1909 ni ẹjọ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní Birmingham, ìlú Cadbury gan-an. Rufus Isaacs ni agbẹjọ́rò fún ilé-iṣẹ́ náà, Edward Carson sì ni ó dúró fún *Standard*. Isaacs fi ìwé lóríṣiríṣi hàn: lẹ́tà, ìrìn-àjò, ìpàdé, owó tí wọ́n ná lórí ìwádìí. Carson kò jiyàn pé wọn kò kọ lẹ́tà. Ohun tí ó tẹnu mọ́ ni ọjọ́ àti owó. Ìgbà wo ni ẹ mọ̀? Èló ni ẹ rà lẹ́yìn tí ẹ mọ̀? Owó náà ju mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn lọ. Ní ìparí, ó bi William Cadbury léèrè bóyá ó ti ṣírò iye ẹrú tí ó kú nídìí kòkó ilé-iṣẹ́ rẹ̀ láti ọdún 1901 sí ọdún 1908. Ẹlẹ́rìí náà dáhùn pé òun kò ṣírò rẹ̀.

Àwọn júrì kò tilẹ̀ lo wákàtí kan kí wọ́n tó padà wọlé. Wọ́n ní *Standard* jẹ̀bi lábẹ́ òfin, nítorí pé ó fẹ̀sùn àìṣòótọ́ kan àwọn tí kò tọ́ sí. Ṣùgbọ́n owó ìtanràn tí wọ́n dá ni ìdámẹ́rin kọ́bọ̀, ẹyọ owó tí ó kéré jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Cadbury jàre, kò sì sí ẹni tí kò mọ ohun tí ìdájọ́ náà túmọ̀ sí. Ẹni tí ó gbé epo ní àjà kò jalè bí ẹni tí ó bá a sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn tí ó wà nínú ilé-ẹjọ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí. Fún ọjọ́ mélòó kan ni àwọn ọlọ́rọ̀, àwọn amòfin àti àwọn akọ̀ròyìn fi jiyàn lórí orúkọ ta ni ó bàjẹ́. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn òṣìṣẹ́ São Tomé tí ó dúró níbẹ̀ láti sọ tẹnu rẹ̀. Àwọn tí ó pàdánù ilé, ìyàwó àti ọmọ kò ní orúkọ kankan nínú ẹjọ́ náà. Iye ni wọ́n ní.

Lẹ́yìn ẹjọ́

Nígbà tí ó fi São Tomé sílẹ̀, Cadbury yíjú sí Gold Coast. Níbẹ̀, àgbẹ̀ tí ó ni oko ara rẹ̀ ni ó ń gbin kòkó, kì í ṣe ẹrú olóko ńlá. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1911, Gold Coast ti borí gbogbo ayé nínú kòkó títà. Ilẹ̀ Yorùbá náà ti wà lójú ọ̀nà yìí. J.P.L. Davies ti gbin kòkó sí oko rẹ̀ ní Ìjọn lẹ́bàá Agége láti nǹkan bí ọdún 1880, J.K. Coker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì dá Agege Planters' Union sílẹ̀ ní ọdún 1907, ọdún kan náà tí Burtt padà sílé. Láti Agége ni irúgbìn náà ti tàn dé Ìbàdàn, Iléṣà àti Oǹdó. Bí kòkó àwọn àgbẹ̀ olómìnira ti ń gbèrú ní Gold Coast àti ní ilẹ̀ Yorùbá, irọ́ àwọn olóko São Tomé ń hàn, àwọn tí ó ní kòkó kò lè ṣe é gbìn láìsí ẹrú.

Ní ọdún 1965 ni a dá Cadbury Nigeria sílẹ̀, tí ó kọ́ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sí Ìkẹjà. Ìdánwò dé bá òun náà. Ní ìparí ọdún 2006, ilé-iṣẹ́ náà fi ẹnu ara rẹ̀ kéde pé ìwé ìṣirò owó òun ti fi iye tí ó ju òtítọ́ lọ hàn fún ọdún mélòó kan, ní bílíọ̀nù mẹ́tàlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà. Ó yọ olórí rẹ̀ àti ọ̀gá tí ń rí sí owó kúrò níṣẹ́. Ìtìjú ni ìkéde náà mú wá, owó ìpín rẹ̀ sì já wálẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni àwọn onípìn-ín ti gbọ́ ọ.

Ibi tí ìyàtọ̀ ìgbà méjèèjì wà nìyí. Ní ọdún 1909, Cadbury ní ẹ̀rí gbogbo ohun rere tí ó ṣe, ó sì lè fi lẹ́tà rẹ̀ hàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí kò lè fi hàn ni ọjọ́ kan, láàárín ọdún mẹ́jọ, tí ó sọ fún àwọn tí ń ra kòkó rẹ̀ pé báyìí ni nǹkan rí. Àwọn tí ń mu kòkó náà nílé wọn ni ó fún un ní orúkọ tí ó ní. Àwọn gan-an ni ó sì fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ fún. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n lójú àwọn júrì Birmingham, ọ̀nà kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ń tọ̀.