Ẹni Tí A Kò Kà: Ìtàn Ìpànìyàn Léraléra ní Port Harcourt àti Akínyẹlé, 2019 sí 2020

Ìfáárà

Kí ogun Ìmàgbọn tó ṣẹ́ agbára Ìjẹ̀bú ní ọdún 1892, ọ̀nà tí ó ti etí ọ̀sà gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá lọ sí òkè kì í ṣe ọ̀nà àdárìn. Àwọn oníṣòwò, obìnrin ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, a máa kó ara wọn jọ ní ọ̀wọ́. Wọn a gba ibodè kọjá níbi tí oníbodè ti ń gba owó lórí ẹrù. Wọn a sì pàdé àwọn ará òkè ní ọjà bíi ti Orù. Èyí kò túmọ̀ sí pé ayé ìgbà náà sàn ju ti òní lọ. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń kó ẹrú gbà, ẹ̀rù gbọ́mọgbọ́mọ kò sì kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ọ̀wọ́ èrò jáde ní ẹni tí ó ń kà á. Bí kò bá dé, ẹnìkan yóò bèèrè rẹ̀.

Lónìí, ọ̀nà márosẹ̀ Ṣágámù sí Benin gba ẹ̀gbẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde kọjá, obìnrin kan sì lè dá wọ ọkọ̀ láàárọ̀ kí ó sùn sí ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ orúkọ rẹ̀ lálẹ́. Òmìnira ńlá ni èyí. Àǹfààní sì ni fún ẹni tí ó bá ń ṣọ́ ẹni tí kò sí ẹni tí yóò bèèrè rẹ̀. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé nínú ìpànìyàn léraléra tí ó ṣẹlẹ̀ ní Port Harcourt ní ọdún 2019, àti èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní Akínyẹlé nítòsí Ìbàdàn ní ọdún 2020, ohun tí ó fún apànìyàn láyè ju agbára tàbí ọgbọ́n àrékérekè lọ ni pé a kò tètè ka àwọn òkú náà pọ̀.

Port Harcourt, ọdún 2019

Láàrin oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, òkú obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú yàrá ilé ìtura ní Port Harcourt, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Rivers. Ikú wọn jọra. Wọ́n fún wọn lọ́rùn pa ni, wọ́n sì sábà máa ń bá aṣọ funfun tí a ya ní ọ̀já lára wọn. Gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ṣe é ti jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà, òun àti obìnrin náà a jọ jẹun, wọn a jọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú tán ni yóò fa ọ̀bẹ yọ, tí yóò gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè kí igbe má baà jáde, tí yóò sì dè é.

Bí òkú ti ń pọ̀ sí i, irú ẹni tí àwọn obìnrin náà jẹ́ ni ọ̀pọ̀ ń sọ, kì í ṣe irú ẹni tí ó pa wọ́n. Àwọn kan ní aṣẹ́wó ni wọ́n. Àwọn mìíràn ní iṣẹ́ àwọn ọmọ Yahoo tí ń wá òògùn owó ni. Àwọn agbófinró pàápàá kìlọ̀ fún obìnrin pé kí wọ́n ṣọ́ ìrìn ẹsẹ̀ wọn. Bí ẹni bá gba ọ̀rọ̀ wọ̀nyí gbọ́, òkú kọ̀ọ̀kan a ní àlàyé tirẹ̀, kò sì ní sí ìdí láti tò wọ́n sí ojú kan. Àwọn obìnrin ìlú náà ni wọ́n kọ àlàyé yìí. Ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n jáde sí ìgboro láti fi ẹ̀hónú hàn, wọ́n sì ka àwọn òkú náà pọ̀ ní gbangba gẹ́gẹ́ bí ọ̀ràn kan ṣoṣo.

Kámẹ́rà ilé ìtura kan ni ó já àṣírí níkẹyìn. Ó ká ọkùnrin kan mọ́ bí ó ti ń jáde, àwòrán rẹ̀ sì tàn káàkiri. Nínú oṣù kẹsàn-án náà ni ọwọ́ ọlọ́pàá tẹ Gracious David-West nígbà tí ó ń sá lọ sí Uyo. Ó jẹ́wọ́ pé obìnrin márùndínlógún ni òun ti pa, ní Port Harcourt àti ní àwọn ìlú mìíràn ní gúúsù Nàìjíríà. Ní ilé-ẹjọ́ gíga Ìpínlẹ̀ Rivers, ẹ̀sùn ìpànìyàn mẹ́sàn-án àti ẹ̀sùn ìgbìyànjú láti pànìyàn kan ni wọ́n fi kàn án. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá ọdún 2020, Adájọ́ Adolphus Enebeli dá a lẹ́bi, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n yẹgi fún un.

Mẹ́sàn-án ni ilé-ẹjọ́ kà. Márùndínlógún ni ẹnu apànìyàn kà. Àlàfo tí ó wà láàrin iye méjèèjì ni ó yẹ kí òpìtàn dúró lé lórí. Bí ìjẹ́wọ́ náà bá jẹ́ òótọ́, apànìyàn nìkan ni ó mọ iye àwọn tí ó kú, ìlú kò mọ̀ ọ́n.

Èyí kì í ṣe àìsàn ilẹ̀ Nàìjíríà nìkan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Peter Sutcliffe pa obìnrin mẹ́tàlá láàrin ọdún 1975 sí 1980 kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ pín àwọn òkú sí méjì: àwọn tí wọ́n pè ní aláìṣẹ̀ àti àwọn tí wọ́n pè ní aṣẹ́wó, bí ẹni pé àwọn ti ìkejì ní ẹ̀ṣẹ̀ tí ikú tọ́ sí. Nígbà tí Sutcliffe kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, oṣù kan péré lẹ́yìn ìdájọ́ Port Harcourt, ọ̀gá ọlọ́pàá West Yorkshire tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹbí àwọn obìnrin náà nítorí èdè tí iléeṣẹ́ wọn lò nígbà náà. Ogójì ọdún ni àforíjì náà fi wà lọ́nà.

Akínyẹlé, ọdún 2020

Bí ó bá jẹ́ pé ìrìn ẹsẹ̀ obìnrin ni ó ń fa ikú rẹ̀, ó yẹ kí ẹni tí ó jókòó sílé bọ́. Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí wọ́n mú David-West, Akínyẹlé dá ọ̀rọ̀ yẹn lóhùn. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2020, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ọmọ ọdún méjìdínlógún kan nílé wọn. Ní ọjọ́ 5, aláboyún kan ni. Ní ọjọ́ 13, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin mìíràn ní agbègbè Ṣáṣá. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti pa ọmọdékùnrin ọlọ́dún márùn-ún kan pẹ̀lú. Kò sí ìkankan nínú wọn tí ó lọ sí ilé ìtura. Ilé àti àyíká ilé ni ikú ti bá wọn, ní ẹ̀bá ìlú níbi tí ilé kò ti fara kanra, tí igbó sì wà lẹ́yìnkùlé.

Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá, Mohammed Adamu, fi ikọ̀ àkànṣe ránṣẹ́; àwọn ará àdúgbò náà dá ẹ̀ṣọ́ tiwọn sílẹ̀. Ní oṣù keje, ọlọ́pàá fi ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan hàn gẹ́gẹ́ bí afurasí, pẹ̀lú adáhunṣe kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà sọ fún àwọn akọ̀ròyìn pé oúnjẹ àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni adáhunṣe náà ń fún òun lórí ẹ̀mí kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ, afurasí náà sá mọ́ ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ọjọ́ kejìlá ni wọ́n tó rí i mú padà. Fún àwọn ìdílé tí ó ti ń fi ilé sílẹ̀ lọ sùn sí ibòmíràn, ọjọ́ méjìlá náà gùn ju oṣù lọ.

Ìyàtọ̀ kan wà láàrin Akínyẹlé àti Port Harcourt tí ó yẹ ní kíkíyèsí. Ní Akínyẹlé, ìlú tètè kà. Láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo ènìyàn ti mọ̀ pé ọ̀ràn kan ṣoṣo ni, nítorí pé òkú kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọmọ ẹnìkan ní àdúgbò; ó ní bàbá, ó ní ìyá, ó ní aládùúgbò. Obìnrin tí ó kú sí yàrá ilé ìtura kò ní aládùúgbò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òògùn owó

Èdè Yorùbá kò ṣaláìní orúkọ fún oníṣẹ́ ibi: panipani, ajínigbé, gbọ́mọgbọ́mọ. Ṣùgbọ́n bí òkú bá ti di méjì mẹ́ta, òògùn owó ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ẹnu. Ìgbàgbọ́ yìí kì í ṣe asán pátápátá. A ti rí àwọn tí wọ́n pànìyàn nítorí rẹ̀. Síbẹ̀, àlàyé tí ó ń báni ṣetán kí a tó wádìí lè di ìdí tí a kò fi wádìí mọ́.

Ẹ̀rí èyí wà ní Òṣòdì. Ní oṣù kejì ọdún 1999, wọ́n mú Clifford Orji lábẹ́ afárá kan ní ojú ọ̀nà Òṣòdì sí Àpápá, níbi tí wọ́n ti bá ẹ̀yà ara ènìyàn àti aṣọ obìnrin. Ariwo gba Èkó kan: wọ́n ní àwọn ọlọ́lá ni ó ń ṣiṣẹ́ fún. Ariwo náà lọ sílẹ̀, ẹjọ́ kò sì dé ìdájọ́. Orji kú sí ẹ̀wọ̀n Kírìkírì ní oṣù kẹjọ ọdún 2012. Ilé-ẹjọ́ kò dá a lẹ́bi, kò sì dá a láre. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìdájọ́ tí ó sọ ẹni tí ó ni aṣọ wọnnì. Ìtàn òògùn owó wà títí dòní. Orúkọ àwọn òkú ni kò sí.

Ìgúnlẹ̀

Òfin kò ṣàìgbìyànjú. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí ó lòdì sí ìwà ipá sí ẹ̀dá ènìyàn jáde ní ọdún 2015, Ìpínlẹ̀ Ògùn sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2017. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn tí ó jẹ̀bi ẹ̀ṣẹ̀ ìfipábánilòpọ̀ àti irú rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó ka ẹlẹ́ṣẹ̀ kò tíì ka obìnrin tí ó jáde nílé tí kò padà.

Ikú tí ń pa ojúgbà ẹni, òwe ni ó ń pa fún ni. Ẹni tí a bá kọ́kọ́ yọ kúrò lára ojúgbà wa, tí a ní irú wọn kì í ṣe irú wa, òwe ikú rẹ̀ kò ní yé wa títí yóò fi kan ilẹ̀kùn tiwa. Ní ibùdókọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde àti ní gbogbo ibùdókọ̀ ńlá, èrò tí ń lọ ìrìn jíjìn ṣì máa ń kọ orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà tẹlifóònù rẹ̀ àti orúkọ ẹbí rẹ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra. Àṣà ọ̀wọ́ èrò ayé àtijọ́ ni ó ṣẹ́kù síbẹ̀. Ìwé wà ní ilé ìtura náà, ìwé sì wà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ohun tí ó kù ni pé kí ẹnìkan tò wọ́n sí ojú kan, kí ó sì kà á.