Ta Ló Rán Wa Níṣẹ́? Ìtàn Ètò àti Ìjábọ̀ Ìwádìí Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Tí Owó Ìlú Ń Gbé Ró, láti Moor Plantation dé Warri

Àṣamọ̀

Bébà yìí tọ ipasẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣètò ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ àti bí wọ́n ti ń jábọ̀ rẹ̀ ní gúúsù Nàìjíríà, láti ìgbà ìjọba amúnisìn títí di ìgbà TETFund. Ohun tí a rí ni pé ọwọ́ àgbẹ̀ àti aráàlú ni owó ìwádìí ti ń wá, ṣùgbọ́n ẹni tó di àpò owó mú ni à ń jábọ̀ fún. A fi Warri àti agbègbè rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ilẹ̀ náà ti dáwó sí ìwádìí: nígbà epo pupa àti nígbà epo rọ̀bì. A fi ohun tí àwa olùkọ́ àwọn olùkọ́ lè ṣe kádìí rẹ̀.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Orí òwe yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìjábọ̀ dúró lé. Ẹni tí a rán níṣẹ́ gbọ́dọ̀ padà wá sọ bí ó ti lọ fún ẹni tó rán an. Ṣùgbọ́n kí ìránṣẹ́ tó lè jábọ̀ bó ti yẹ, ó ní láti kọ́kọ́ mọ ẹni tó rán an gan-an. Nínú ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní àwọn yunifásítì wa, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Àwa tí à ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ mọ ìṣòro náà. Ọdọọdún ni yunifásítì àti ilé-iṣẹ́ ìwádìí ń kọ ètò iṣẹ́, tí wọ́n ń kọ ìjábọ̀, tí wọ́n sì ń ṣírò owó tí wọ́n ná. Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ NCE kì í sábà fojú kan ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà títí tí yóò fi gba ìwé ẹ̀rí. Ìyá tó ń ta epo pupa ní ọjà Igbudu ní Warri ńkọ́? Ta ni yóò sọ fún un pé ìwé bẹ́ẹ̀ wà? Ìbéèrè bébà yìí ni pé báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe di báyìí, àti pé kí ni ó kù tí a lè ṣe sí i.

Ìgbà amúnisìn: ìjábọ̀ tó ń rékọjá òkun

Moor Plantation ní Ìbàdàn ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1905, ẹgbẹ́ British Cotton Growing Association gba ilẹ̀ níbẹ̀ láti gbin òwú. Orúkọ ẹgbẹ́ náà ti sọ ohun tí wọ́n ń wá: òwú fún àwọn ilé-iṣẹ́ ahunṣọ ní Lancashire. Ní 1910, ibẹ̀ di olú-ilé ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Gúúsù Nàìjíríà, ní 1921 sì ni wọ́n pa ti Gúúsù àti ti Àríwá pọ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀ka náà fi ń kọ ìjábọ̀ ọdọọdún rẹ̀, ọwọ́ gómìnà ló sì ń gbà lọ sí London. Àgbẹ̀ kò sí lára àwọn tí wọ́n kọ ọ́ fún. Ohun tí àgbẹ̀ mọ̀ nípa ẹ̀ka náà ni òṣìṣẹ́ tó ń wá sóko, tí àwọn baba wa ń pè ní àgíríkì. Orúkọ náà ṣì wà lẹ́nu wa títí dòní nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ adìẹ àgíríkì.

Ọ̀rọ̀ ọ̀pẹ ló kan Warri gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn Urhobo mọ iṣẹ́ ọ̀pẹ débi pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣí lọ sí ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ní agbègbè Okitipupa, tí wọ́n ń kọ ẹyìn, tí wọ́n sì ń ṣe epo láàárín àwa Yorùbá. Ní 1939, ìjọba dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ nítòsí Benin. Ní 1951, ibùdó náà di WAIFOR, tó ń ṣiṣẹ́ fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Ní 1964 ó di NIFOR. Lára iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ni ti ọ̀pẹ tenera, ọmọ tí dura àti pisifera bí. Èésan rẹ̀ fẹ́lẹ́, ara ẹyìn rẹ̀ nípọn, epo rẹ̀ sì pọ̀ ju ti ọ̀pẹ inú igbó lọ.

Ta ló san owó iṣẹ́ yìí? Yàtọ̀ sí owó ìjọba, àwọn bọ́ọ̀dù tó ń ra irè oko dá sí i. Ní 1949 ni bọ́ọ̀dù epo pupa àti èkùrọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Iye tí bọ́ọ̀dù ń san fún àgbẹ̀ kéré sí iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun, wọ́n sì ń kó èyí tó ṣẹ́kù pamọ́. Ìtumọ̀ èyí ni pé ọkùnrin tó gun ọ̀pẹ ní ẹ̀bá Warri ti san owó ìwádìí kó tó sọ̀ kalẹ̀ láti orí ọ̀pẹ. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó fẹ́ kí wọ́n wádìí, kò sì sẹ́ni tó padà wá jábọ̀ fún un.

Ìjábọ̀ tí kò bá mọ ẹni tó rán an kì í mọ ohun tó yẹ kó kà. Nígbà tí ìjọba gbé ẹ̀rọ ìfúnpo ńlá wá ní ìparí àwọn ọdún 1940, tí wọ́n ń pè ní Pioneer Oil Mill, iye ẹ̀rọ àti iye epo rọrùn láti kà. Ṣùgbọ́n ní Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà, àwọn obìnrin dìde tako ẹ̀rọ náà. Èkùrọ́ ni tiwọn nínú ẹyìn. Bí ọkọ bá ta odidi ẹyìn fún mílì, owó ìyàwó ti bá a lọ. Ariwo wọn ni ìjọba fi mọ ohun tí ìṣirò epo kò lè sọ.

Nígbà tí yunifásítì gba iṣẹ́

Ìjọba Western Region ló dá Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀. Ní October 1962 ni ó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ sì wà lára ẹ̀ka márùn-ún ìbẹ̀rẹ̀. Kí a má gbàgbé pé Warri ṣì wà lábẹ́ Western Region ní ọdún yẹn. Oṣù August 1963 ni Midwest tó yà kúrò. Nítorí náà, owó epo pupa àti rọ́bà ìhà Warri àti owó kòkó Oǹdó jọ wà nínú àpò kan náà nígbà tí wọ́n ń fi ìpìlẹ̀ yunifásítì yìí lélẹ̀.

Àwọn olùkọ́ láti University of Wisconsin wá ran ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ Ifẹ̀ lọ́wọ́, bí àwọn ti Kansas State ti lọ sí Zaria, tí àwọn ti Michigan State sì lọ sí Nsukka. Ètò tí wọ́n mú wá ní ìtàn tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin 1862 fi ilẹ̀ ìjọba ṣe owó ìdásílẹ̀ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga, òfin 1887 fi owó ìwádìí kún un, òfin 1914 sì fi owó gbígbé ẹ̀kọ́ lọ bá àgbẹ̀ lóko kún un. Ẹsẹ̀ ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ní tiwa, ẹsẹ̀ méjì ni yunifásítì gbà, ìkọ́ni àti ìwádìí. Ẹsẹ̀ kẹta, lílọ bá àgbẹ̀, kù sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba.

Àwọn kan gbìyànjú láti fi ẹsẹ̀ kẹta náà gúnlẹ̀. Ní Zaria, wọ́n dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní 1963 láti so ìwádìí mọ́ oko. Òun ló di NAERLS lónìí. Ní 1969, ilé-iṣẹ́ ìwádìí tó wà ní Moor Plantation bọ́ sábẹ́ Yunifásítì Ifẹ̀, ó sì ń jẹ́ IAR&T. Ní ọdún kan náà ni yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ètò Isoya ní àwọn abúlé ìtòsí Ifẹ̀. Àwọn olùkọ́ yunifásítì fúnra wọn ló ń lọ sí abúlé; wọ́n ń bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ àgbàdo, wọ́n sì ń bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀ ìtọ́jú ilé. Ẹ̀kọ́ pàtàkì Isoya ni pé ojú-kojú ni ìjábọ̀ ibẹ̀. Bí irúgbìn tí wọ́n mú wá kò bá ṣe dáadáa, ẹni tó gbìn ín mọ ilé ẹni tó mú un wá.

ADP, REFILS àti TETFund

Ní àárín àwọn ọdún 1970, pẹ̀lú owó Báńkì Àgbáyé, ADP bẹ̀rẹ̀ ní Funtua, Gusau àti Gombe. Nígbà tó yá, ó tàn dé gbogbo ìpínlẹ̀. Òṣìṣẹ́ ADP ní ọjọ́ pàtó tí yóò dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Lóṣooṣù ni wọ́n ń bá àwọn olùwádìí ṣèpàdé. Ọdọọdún ni ìpàdé REFILS ń kó olùwádìí, òṣìṣẹ́ ADP, àgbẹ̀ àti àwọn tó ń ta ajílẹ̀ jọ láti ṣètò ọdún tó ń bọ̀. Lórí ìwé, ọ̀nà ti là láti oko dé yunifásítì àti láti yunifásítì padà sóko. Nígbà tí owó Báńkì Àgbáyé tán, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò lè gbé ọkọ̀ àti owó oṣù náà. Ọ̀nà náà kò parẹ́, koríko ló hù bò ó.

Ní 2011, òfin TETFund rọ́pò ti Education Tax Fund tó ti wà láti 1993. Ilé-iṣẹ́ aládàáni ló ń san owó náà látinú èrè wọn: ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ní ìbẹ̀rẹ̀, tí ó sì di ìdá mẹ́ta ní 2023. Bí yunifásítì bá gba méjì, pólì á gba ọ̀kan, kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ náà á gba ọ̀kan. Owó náà kan àwa tí a pé jọ yìí. Àwọn ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì wà lára àwọn tó ń san án, ilẹ̀ Delta sì ni epo ti ń jáde. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyí tí ilẹ̀ náà ń dáwó. Ní àwọn ibi tí epo ti dà sóko àti sódò, ẹni tó ń gbin ẹ̀gẹ́ níbẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí ìwádìí ti rí.

Ìjábọ̀ irú owó báyìí ń béèrè rìsíìtì, ipele iṣẹ́ àti iye bébà tí a tẹ̀ jáde. A kò lòdì sí i. Owó ìlú gbọ́dọ̀ ní ìṣirò. Ṣùgbọ́n rìsíìtì ń sọ pé a ná owó, kò sọ pé oko yí padà. Ní Amẹ́ríkà, òfin 1998 sọ pé kí yunifásítì tó gba owó ìwádìí àti ti ìbágbẹ̀sọ̀rọ̀, ó gbọ́dọ̀ fi ètò iṣẹ́ sílẹ̀, kí ó sì ṣàlàyé bí ó ti gbọ́ ohùn àwọn tí iṣẹ́ náà kàn. Béèyàn bá tilẹ̀ kọ ìyẹn gbà-má-pòóò-rọ́wọ́-mi, orúkọ aráàlú ti wọ inú ìwé.

Ohun tó kàn wá

Àwọn kan lè sọ pé iṣẹ́ àgíríkì ni láti bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀, kì í ṣe ti olùkọ́. Ìdáhùn wa ni pé òṣìṣẹ́ àgíríkì lè má dé abúlé kan lódindi ọdún, ṣùgbọ́n olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀, àwa la sì kọ́ ọ. Nítorí náà, a dábàá mẹ́ta.

Àkọ́kọ́, kí ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé kan ṣoṣo ní èdè àwọn tí ó ṣe é lóko wọn. Ní Warri, ìyẹn túmọ̀ sí Urhobo, Izon, Píjìn, àti Itsekiri tó jẹ́ ìbátan Yorùbá. Àwọn ẹ̀ka èdè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Èkejì, kí akẹ́kọ̀ọ́ NCE iṣẹ́ àgbẹ̀ máa ka ojúlówó ìjábọ̀ ìwádìí ní kíláàsì, kí ó gbé e lọ bá àgbẹ̀ nígbà ìdánrawò ìkọ́ni, kí ó sì kọ ìbéèrè àgbẹ̀ padà wá.

Ẹ̀kẹta, kí ìjábọ̀ máa sọ ohun tí kò yọrí sí rere. Àgbẹ̀ tó gbọ́ pé irúgbìn kan kò ṣe dáadáa lórí ilẹ̀ àbàtà ti gba ẹ̀kọ́ tó tó owó.

Ìgúnlẹ̀

Láti Moor Plantation títí di òní, a kò ṣaláìní ètò, a kò sì ṣaláìní ìjábọ̀. Ohun tó ń sọnù ni ojú ọ̀nà àbọ̀. Gómìnà, bọ́ọ̀dù, Báńkì Àgbáyé àti TETFund, gbogbo wọn gba àbọ̀ tiwọn. Ẹni tó gun ọ̀pẹ àti ìyá tó ta epo ṣì ń retí. Àwọn ló rán wa níṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a padà lọ jábọ̀ fún wọn.