Ọkọ̀ Kì í Ju Ojú Irin Rẹ̀ Lọ

Nígbàkígbà tí ìròyìn bá kàn pé ìjọba ra àwọn ẹ̀ńjìnnì tuntun fún iṣẹ́ rélùwè, agbára wọn, iye owó wọn àti bí wọ́n ṣe ń sáré tó ni àwọn ènìyàn máa ń bèèrè. Ìbéèrè kan wà tí ó ṣáájú gbogbo ìwọ̀nyí, tí kì í sábà jáde lẹ́nu wa: ojú irin wo ni ẹ̀ńjìnnì náà yóò gbà? Ẹ̀ńjìnnì tí ó lè wọ́ ogójì ọkọ̀ ẹrù gun òkè, ẹrù lásán ni òun náà jẹ́ níbi tí ìbú ojú irin kò bá bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu. Ìbú ojú irin, èyíinì ni àlàfo tí ó wà láàárín irin méjèèjì, ni ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ. Ìtàn rẹ̀ ní Nàìjíríà àti lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò wa kún fún ẹ̀kọ́ tí a ń san owó rẹ̀ títí di òní.

Àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ojú irin kéékèèké fún ìṣeré ti mọ ọ̀ràn yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ọdún 1891, ilé iṣẹ́ Märklin ti ilẹ̀ Jámánì kó ọjà wọn lọ sí ọjà ńlá ìlú Leipzig, wọ́n sì fún ìbú ojú irin kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ẹni tí ó ra ẹ̀ńjìnnì lónìí lè rí ojú irin àti ọkọ̀ tí ó bá a mu rà nígbà mìíràn. Àwọn oníṣòwò yòókù tẹ̀lé àpẹẹrẹ wọn. Síbẹ̀, ìbú nìkan kò tán ọ̀ràn náà. Mìlímítà 16.5 ni ìbú ojú irin tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ìṣeré orí tábìlì ń lò. Ṣùgbọ́n àárín ojú irin ni ẹ̀ńjìnnì Märklin ti ń gba iná mànàmáná, nígbà tí ti àwọn mìíràn ń gba iná lára irin ọ̀tún àti irin òsì. Bí a bá gbé ẹ̀ńjìnnì Märklin sórí ojú irin onírin méjì náà, yóò dúró déédéé, kò ní yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kankan. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò so irin méjèèjì pọ̀, iná yóò kọlu iná, ọkọ̀ kò sì ní rìn. Ọmọdé tí ó bá fi ojú ara rẹ̀ rí èyí ti kọ́ ohun tí àwọn ìjọba ńláńlá pẹ́ kí wọ́n tó kọ́, pé àdéhùn ní ń mú ọkọ̀ rìn, kì í ṣe agbára nìkan.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá jìyà ọ̀ràn yìí. Isambard Brunel, ẹni tí ó ṣe ojú irin ẹgbẹ́ Great Western, fi ìbú rẹ̀ sí ẹsẹ̀ bàtà 7 àti díẹ̀, nígbà tí àwọn mìíràn ń lo ẹsẹ̀ bàtà 4 àti íǹṣì 8 ààbọ̀. Ní ìlú Gloucester tí irú ojú irin méjèèjì ti pàdé, àwọn alágbàṣe ní láti máa kó gbogbo ẹrù kúrò nínú ọkọ̀ kan sínú èkejì. Ní 1846, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ṣe òfin pé ìbú tí ó kéré ni kí a máa fi ṣe àwọn ọ̀nà tuntun. Síbẹ̀, oṣù May 1892 ni wọ́n tó ká èyí tí ó kù nínú ojú irin fífẹ̀ náà kúrò nílẹ̀. Ọdún 46 ni ó gbà kí a tó ṣe àtúnṣe ohun tí ọkùnrin kan pinnu lórí tábìlì ìyàwòrán rẹ̀.

Ẹnìkan ìbá rò pé àwọn tí ó rí irú wàhálà yìí nílé wọn yóò ṣọ́ra bí wọ́n ti dé Áfíríkà. Ohun tí wọ́n wò ni owó tí yóò kọ́kọ́ jáde. Ojú irin tóóró kò náni lówó púpọ̀. Ó lè yí òkè po, afárá rẹ̀ kì í wúwo, ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ sì kéré. Sir William Shelford ni onímọ̀ ẹ̀rọ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń fi ọ̀ràn rélùwè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ̀. Lábẹ́ ìmọ̀ràn ọkùnrin kan ṣoṣo yìí, ìbú ẹsẹ̀ bàtà 2 àti íǹṣì 6 ni Sàró gbà, nígbà tí Èkó àti Gold Coast gba ẹsẹ̀ bàtà 3 àti íǹṣì 6. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1896, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná Ìbàdàn ní 1901. Nínú Èkó fúnra rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1902 láti Ìdó kọjá lórí afárá Carter wọ inú erékùṣù; ẹsẹ̀ bàtà 2 àti íǹṣì 6 ni ìbú tirẹ̀. Nítorí náà, ọkọ̀ tí ó ti Ìbàdàn dé Ìdó kò lè wọ inú ìlú, èyí tí ó wà nínú ìlú kò sì lè lọ sí Ìbàdàn.

Ìhà Àríwá ni ẹ̀kọ́ tí ó tóbi jù lọ gbé wà. Nígbà tí Sir Percy Girouard di alákòóso Àríwá Nàìjíríà ní 1907, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà rélùwè láti Baro létí Odò Ọya lọ sí Kano. Ọmọ ilẹ̀ Kánádà ni, ó sì ti ṣe ojú irin la aṣálẹ̀ Sudan kọjá pẹ̀lú ìbú ẹsẹ̀ bàtà 3 àti íǹṣì 6. Ìbú kan náà ni ó lò, èyí tí í ṣe ìbú ti Èkó. Lójú ọjọ́ náà, ìjọba ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Èkó àti Àríwá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú irin méjèèjì pàdé ní Minna, kò sí ohun tí ó dí ọkọ̀ lọ́wọ́ láti ti Èkó dé Kano. Ní 1912 a da ilé iṣẹ́ méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan, ṣáájú kí Lugard tó so Gúúsù àti Àríwá pọ̀. Ojú irin ti ṣe ìṣọ̀kan kí òfin tó ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a fi Jẹ́bà wé Zaria. Ojú irin Èkó dé Jẹ́bà ní 1909, ó sì bá Odò Ọya níbẹ̀. Afárá kò tíì sí. Ọdún 1916 ni a parí rẹ̀. Láàárín àkókò yìí, ọkọ̀ ojú omi kan ni ó ń gbé àwọn ọkọ̀ ẹrù rélùwè sọdá odò. Bí wọ́n bá ti gúnlẹ̀ ní òdìkejì, wọn a tún gun ojú irin, wọn a sì máa bá ìrìn wọn lọ, láìsí pé ẹnikẹ́ni tú àpò ẹ̀pà kan ṣoṣo. Odò ńlá kò dí wọn lọ́wọ́, nítorí pé ìbú kan náà wà lápá méjèèjì.

Ní Zaria, kò sí odò tí ó dí ọ̀nà, ilẹ̀ gbígbẹ ni. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ ni ọ̀nà rélùwè kékeré ti Bauchi ti yà lọ sí Jos àti Bukuru, níbi tí àwọn Òyìnbó ti ń wa kùsà. Ìyánjú àtigbé tánganran dé èbúté wọ̀ wọ́n lára, ilẹ̀ olókè ni ọ̀nà náà sì gbà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi ìbú rẹ̀ sí ẹsẹ̀ bàtà 2 àti íǹṣì 6. Ní 1914 ọkọ̀ dé Bukuru. Ẹsẹ̀ bàtà kan péré ni ó fi kéré sí ti ojú irin ńlá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ bàtà kan yìí tó láti sọ Zaria di ibodè. Gbogbo tánganran tí ó ń bọ̀ láti òkè ni a ní láti kó kúrò nínú ọkọ̀ kékeré sínú ọkọ̀ ńlá. Gbogbo ẹ̀rọ tí ó ń lọ sí ibi ìwakùsà ni a ní láti kó láti inú ńlá sínú kékeré. Ní 1927, ojú irin ńlá gba Kafanchan dé Jos, tánganran sì rí ọ̀nà ìbú kan náà lọ sí Port Harcourt. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ti ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀nà kékeré náà, títí a fi tì í pa ní 1957. Ní ọjọ́ tí a tì í, kò sí ọ̀nà rélùwè ìjọba mìíràn ní gbogbo Nàìjíríà tí àwọn ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ lè bá ṣiṣẹ́.

Bí ọ̀ràn ti rí láàárín ìlú sí ìlú ni ó rí láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Mítà kan géérégé ni àwọn Faransé lò ní Dahomey, tí orúkọ rẹ̀ di Benin ní 1975, ní Senegal, Guinea àti Ivory Coast. Mítà kan náà ni àwọn ará Jámánì lò ní Togo. Mìlímítà 1067 ni tiwa, èyí sì fi mìlímítà 67 ju tiwọn lọ, ìbú ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ọ̀nà rélùwè tiwa dé Ìdógò lẹ́bàá Ìlarò. Ti àwọn Faransé gba Porto-Novo dé Pobè. Ibi méjèèjì kò jìnnà síra, èdè kan náà ni àwọn ará ibẹ̀ ń sọ, ọjà kan náà ni wọ́n sì ń ná. Ṣùgbọ́n bí a bá tilẹ̀ fa irin já láàárín wọn, ẹ̀ńjìnnì ìhà kan kò lè gbé ẹsẹ̀ lé ti ìhà kejì. Àwọn Òyìnbó tí ó pín ilẹ̀ náà ti lọ, ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n fi sílẹ̀ kò lọ.

Sàró ni ó ya ni lẹ́nu jù. Ọ̀nà rélùwè tóóró tiwọn dúró pátápátá ní 1974. Ẹ̀ńjìnnì kan níbẹ̀, nọ́ńbà 85, tí ilé iṣẹ́ Hunslet ṣe ní Leeds ní 1954, ṣì lè ṣiṣẹ́. Kò sí aládùúgbò kan tí ojú irin rẹ̀ bá a mu. Ní 1975 a gbé e gba orí òkun lọ sí Wales, sí ọ̀nà rélùwè Welshpool àti Llanfair, nítorí pé ẹsẹ̀ bàtà 2 àti íǹṣì 6 ni tiwọn náà. Ó rọrùn fún ẹ̀ńjìnnì Freetown láti rí iṣẹ́ ní Wales ju kí ó rí i ní Kumasi tàbí Kano lọ.

Níbo ni a wá dúró lónìí? Nàìjíríà ti yan ìbú mìlímítà 1435, èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ayé ń lò. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí rẹ̀ láàárín Abuja àti Kaduna ní 2016. Ti Itakpe sí Warri, tí iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti 1987, ṣí ní 2020. Ti Èkó sí Ìbàdàn ṣí ní 2021. Ọdún 2021 náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀nà Kano sí Maradi ní ilẹ̀ Niger. Àwọn ojú irin yìí lè gba ẹrù tí ó wúwo jù, ọkọ̀ sì lè sáré lórí wọn ju ti àtijọ́ lọ. Ẹni tí ó bá ní kí a máà ṣe wọ́n kò fẹ́ ìlọsíwájú. Ṣùgbọ́n ẹ̀ńjìnnì tuntun tí ó bá dé Ìbàdàn kò lè tẹ̀ síwájú lọ sí Òṣogbo tàbí Ìlọrin, nítorí ojú irin àtijọ́ ni ó wà níwájú rẹ̀. A tún ti dá Zaria mìíràn sílẹ̀, èyí tí ó sì pọ̀ ju ẹyọ kan lọ.

Kì í ṣe pé ọ̀ràn náà kò ní àtúnṣe. A lè fi irin kẹta lé ojú irin kan, kí irú ọkọ̀ méjèèjì lè gbà á kọjá, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe nígbà ayé Brunel. A lè ṣe ibi ìpààrọ̀ ẹrù níbi tí irú ojú irin méjèèjì ti pàdé, kí ẹ̀rọ máa gbé àpótí ńlá láti orí ọkọ̀ kan sórí èkejì ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ohun tí kò yẹ ni kí a ná owó rẹpẹtẹ sórí ojú irin àtijọ́ àti ti tuntun lẹ́ẹ̀kan náà, láìsọ ibi tí wọn yóò ti pàdé àti bí ẹrù àgbẹ̀ yóò ti kọjá níbẹ̀. Kí a sì tó fa irin kan dé ibodè, ó yẹ kí àwa àti aládùúgbò ti jọ fi ẹnu kò lórí ìbú rẹ̀, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìnpọ̀ ejò ni í jẹ ejò níyà. Ọkọ̀ ojú irin gùn bí ejò, ó sì lágbára jù ú lọ, ṣùgbọ́n ìyà kan náà ni ó ń jẹ ẹ́. Ìpinnu tí a bá ṣe lórí ìbú ojú irin lónìí, àwọn ọmọ ọmọ wa ni yóò máa tẹ̀lé e. Ẹ jẹ́ kí a bi àwọn tí ń ṣe àkóso wa léèrè ibi tí ẹ̀ńjìnnì yóò lè dé, kí a tó bi wọ́n bí yóò ti sáré tó.